Kí la lè kà ní wíkẹ́ńdì yàtọ̀ sí prógíráàmù ìsìnkú?

Ìbéèrè láti Kàbà:

Okun o, ẹ̀gbọ́n. Tíṣà ni mí ní Kàbà, Yorùbá àti Social Studies ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS. Gbogbo Fúráìdè ni mo máa ń rí àwọn tó ń to lísìtì ohun tó yẹ kéèyàn kà ní wíkẹ́ńdì, àṣà, ẹ̀sìn, ìṣèlú, iṣẹ́ ọnà, ó dùn ún wò lóòótọ́, àmọ́ ìlú òyìnbó ni gbogbo ẹ̀, tó bá sì ṣèèṣì kan Yorùbá, Èkó ni àbí Ìbàdàn. Ẹ bá wa to tiwa jọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi oyin sí i fún mi: ṣé nǹkan kan tiẹ̀ wà nílẹ̀ tí wọ́n kọ nípa àwa Okun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, àbí ńṣe là ń tan ara wa? Sátidé mẹ́rin tó kọjá, ohun kan ṣoṣo tí mo ráyè kà ni prógíráàmù ìsìnkú. Òkú mẹ́rin, prógíráàmù mẹ́rin, gbogbo wọn sì dà bí ẹni pé èèyàn kan náà ló kú.

* * *

Mo rẹ́rìn-ín débi pé tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà sórí kíbọ́ọ̀dù, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo tẹ méjì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tí ò bá mọ̀ mí, ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ni mo ní ní Mọ̀pà níbí, kọ̀ǹpútà méjì, pírińtà kan, jẹnẹrétọ̀ kan tó máa ń wúkọ́ bí arúgbó. Láti Mọ́ńdè, ìbéèrè ìdánwò àti fọ́ọ̀mù ni. Tó bá ti di Tọ́sìdè ìrọ̀lẹ́, òkú ti dé nìyẹn, àwọn ọmọ olóògbé á ti Abuja àti Èkó wọlé pẹ̀lú fọ́tò nínú fóònù, a ò sì ní fojú kan oorun títí ilẹ̀ Fúráìdè á fi mọ́.

Torí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà oúnjẹ mi. Ẹ má fojú di prógíráàmù ìsìnkú. Tí mo bá tẹ 300, ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ló máa kà á lábẹ́ kánópì kí ìrẹsì tó dé, ìwé ìtàn wo ni ọmọ Okun kọ tí ọ̀ọ́dúnrún èèyàn jókòó kà lọ́jọ́ kan? Ohun tó burú ni bí a ṣe ń kọ ọ́. Tíṣà ti sọ ọ́, èèyàn kan náà ló ń kú. A bí màmá ní nǹkan bí ọdún 1936 sínú ìdílé ọlọ́lá, màmá gba Jésù, màmá di ìyá ìjọ, màmá fi ọmọ àti ọmọ-ọmọ sáyé lọ. Láàárín ìbí àti ìyá ìjọ kò sí nǹkan kan, bí ẹni pé wọ́n bí màmá tán ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀ṣì fún ọgọ́rin ọdún.

Obìnrin kan gbé irú ẹ̀ wá fún mi, mo bi í pé iṣẹ́ wo ni màmá ṣe. Ó ní, “Màmá ò ṣiṣẹ́ kankan o, wọ́n kàn máa ń hun aṣọ ni.” Mo ní ta ló san owó iléèwé yín? Ó wò mí, ó ní, “Aṣọ yẹn náà ni.” Mo ní ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sí i nígbà yẹn. Ó ní rárá, pé àwọn ẹ̀gbọ́n òun á ní òun sọ màmá di tálákà níwájú àlejò.

Bẹ́ẹ̀ obìnrin kan láti Amẹ́ríkà, Elisha Renne, wá jókòó ti irú àwọn ìyá yìí ní Bùnú, lọ́dọ̀ àwa Okun níbí, ó kọ odindi ìwé lórí aṣọ wọn, Cloth That Does Not Die lorúkọ ẹ̀, 1995 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ni mo máa fi ṣe àkọ́kọ́ lórí lísìtì. Òfì ìdúró tí wọ́n máa ń fi ti ògiri wà níbẹ̀, aṣọ funfun wà níbẹ̀, aṣọ ipò tó pupa fòò tó jẹ́ ti òkú ẹni ńlá wà níbẹ̀, òwú pupa tí wọ́n ń tú lára aṣọ òyìnbó kí wọ́n tó rí i hun. Ẹni tó bá kà á tán ò tún ní sọ pé màmá òun ò ṣiṣẹ́ kankan. Tíṣà, ẹ ní kí àwọn ọmọ yín mú prógíráàmù wá láti ilé, kí wọ́n béèrè iṣẹ́ tí màmá ṣe. Ó wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì sì ni, mi ò ní purọ́. Ẹni tó bá ní ọmọ ní yunifásítì, kó rán an sí láíbìrì, orí kan ṣoṣo tó fún wíkẹ́ńdì kan.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti wọlé o. Èrò àwọn èèyàn pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan ní kò sí nǹkan kan, ká yé da ara wa láàmú. Àwọn kan ní ó pọ̀ rẹpẹtẹ, àwọn òyìnbó àti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló tì í mọ́ yàrá. Ẹni kẹta ní Bíbélì tó. Ẹni kẹta, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Ẹni tó ní kò sí, ṣé o gbọ́ orúkọ Ade Obayemi rí? Ọmọ Ìfẹ̀ ni. Ẹ rọra o, Ìfẹ̀-Ìjùmú ni mo sọ, kì í ṣe ti Ọọ̀ni. Awalẹ̀pìtàn ni, òun ló tún di olórí àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé gbogbo Nàìjíríà. Orí kan wà tó kọ nínú ìwé ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Ade Ajayi àti Michael Crowder jọ ṣe olótùú ẹ̀, ó dá lórí Yorùbá, Ẹdó àti àwọn aládùúgbò wọn kó tó di 1600. Ẹ wá a kà, torí pé ó máa bà yín nínú jẹ́ díẹ̀.

Ìdí ni pé gbogbo prógíráàmù tí mò ń tẹ̀ ló ní gbólóhùn yìí: “àwọn baba ńlá wa ṣí wá láti Ilé-Ifẹ̀.” Mo ti tẹ̀ ẹ́ débi pé mi ò tẹ̀ ẹ́ mọ́, kọ́pì-àti-pèsítì ni. Obayemi ò gbà á bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé àwọn ìlú kéékèèké bíi tiwa, tí olúkúlùkù ní olórí tiẹ̀, tí kò sí ọba kan tó jókòó lé gbogbo wọn lórí, bí Yorùbá ayé àtijọ́ ṣe ń gbé nìyẹn, mini-state ló pè é, orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ńláńlá bí Ọ̀yọ́ àti Benin ti wá hù. Ó túmọ̀ sí pé àwa kọ́ ni àwókù tó já bọ́ lára Ọ̀yọ́. A ti wà níbí tipẹ́.

Ẹ̀gbọ́n kan ní Lọ́kọ́jà fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, ìṣẹ́jú méje, ó ń bínú, ó ní ṣé mo fẹ́ gé wa kúrò lára Yorùbá ni, pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ará òkè ọ̀hún fẹ́ gbọ́ nìyẹn kí wọ́n lè máa pè wá ní “ọmọ North”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Kò sẹ́ni tó gé ẹnì kankan. Bí èdè wa bá pẹ́ lórí ilẹ̀ yìí ju ìtàn ìṣíkiri lọ, ṣé ìyẹn ò mú wa jẹ́ Yorùbá sí i ni? Ẹ kọ́kọ́ kà á ná, ká wá jà.

Ẹnì kan tún ní Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá, ti kọ gbogbo ẹ̀ tán. Níbo? Ìtàn Johnson dùn, mo fẹ́ràn bó ṣe ń sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ràn ìtàn ìwé náà fúnra ẹ̀: ó parí ẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí England, wọ́n gbé e sọnù síbẹ̀, òun fúnra ẹ̀ kú, àbúrò ẹ̀ ló tún un kọ látinú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, 1921 ló tó jáde. Ṣùgbọ́n ẹ wá Okun nínú ẹ̀, fìrí lẹ ó rí wa. Bẹ́ẹ̀ 1897 yẹn gan-an, ní oṣù Jánúárì, ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, iléeṣẹ́ òwò àwọn òyìnbó, tí Goldie ọ̀gá wọn kó wá dé Kàbà, tí àwọn ọmọ ogun Núpé tó pàgọ́ síbẹ̀ ti sá lọ kí wọ́n tó dé, wọ́n tibẹ̀ lọ ṣẹ́gun Bida, olú ìlú Núpé. Ọdún táwọn àgbà wa bọ́ lọ́wọ́ ogun Núpé, ọdún yẹn náà ni Johnson ń parí ìtàn Yorùbá. Obayemi kọ àpilẹ̀kọ míì lórí jíhàádì Sókótó àti àwa Okun, ẹ so ó mọ́ èkíní.

* * *

Mo ṣèlérí pé mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni kẹta. Pásítọ̀ ni, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, èmi ni mò ń tẹ búlẹ́tìnì ìjọ wọn. Wọ́n ní ọjọ́ Sọ́ńdè kì í ṣe ọjọ́ ìwé iwin, pé tíṣà tó bá fún ọmọ ní Fágúnwà, ó ń fi ẹ̀mí àìrí pa ọmọ lára.

Pásítọ̀ mi, ta ló kọ́kọ́ tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938? CMS ni. Ìjọ ló tẹ̀ ẹ́! Tíṣà ni Fágúnwà, ọmọ ilé onígbàgbọ́ ni, tí a bá tiẹ̀ fẹ́ fẹ̀sùn kàn án, ẹ̀sùn tó tọ́ ni pé ìwàásù ẹ̀ pọ̀ jù, ọdẹ á pàdé iwin kan, wọ́n á jà fún ojú ewé kan, ẹnì kan á wá jókòó fún ojú ewé mẹ́fà máa kìlọ̀ pé kí ọmọ gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu. Èmi máa ń fò ó, Ọlọ́run má bínú. Kò sì jìnnà sí wa bí ẹ ṣe rò o, odò kan lápá Bida lókè lọ́hùn-ún ló gbé e lọ ní 1963.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó máa ń ya àwọn oníbàárà mi lẹ́nu. Ta ló kọ́kọ́ tú Àlùkùráánì sí Yorùbá? Àlùfáà Kristẹni ni, Reverend M. S. Cole, 1906. Ilé wo ní Okun ni kò ti sí Mùsùlùmí kan, Kátólíìkì kan, ECWA kan, gbogbo wọn lórí àwo iṣu kan náà? Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí ẹ bá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ fi sùúrà kan ti orí Bíbélì kan, ìtàn Yúsúfù ti wọn àti ìtàn Jósẹ́fù tiwa, kí ẹ kà á síra yín létí. Mo ti ṣe é pẹ̀lú àna mi. A jiyàn dé aago mẹ́wàá alẹ́, kò sẹ́ni tó yí padà, ìyàwó mi ló ní ká lọ sùn.

Ẹni tó bá fẹ́ ti àwọn mísọ́nnárì náà, Tommie Titcombe tó dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, wọ́n ti kọ̀wé nípa ẹ̀. Ẹ kà á, àmọ́ kí ẹ máa ka àwọn èèyàn tí kò lórúkọ nínú ẹ̀: ẹni tó ru ẹrù, ẹni tó túmọ̀ èdè, ìyá tó gbọ́únjẹ. Prógíráàmù ìsìnkú ni ìyẹn náà, òyìnbó ló kàn kọ ọ́.

* * *

Lórí èdè. Mi ò fẹ́ dá síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ torí mo mọ̀ pé ìjà ni.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìsánlú ní gbogbo lísìtì mi ò wúlò, pé Yorùbá Ọ̀yọ́ là ń kà sí ọmọ létí, ọmọ Yàgbà ò gbọ́ Yàgbà mọ́. Wọ́n fẹ́ ká dá ìwé Yorùbá àjùmọ̀lò dúró ná títí ọmọ á fi mọ tilé. Mo gba ìdajì. Ọ̀yọ́ ni ìpìlẹ̀ Yorùbá tí Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi tú Bíbélì, odindi ẹ̀ parí ní 1884, Bíbélì yẹn ló sì di ohùn Ọlọ́run nílé wa. Ìyá mi, Yàgbà paraku, bí Bíbélì ni wọ́n ṣe máa ń gbàdúrà, “Olúwa, ìwọ ni ibi ìsádi wa,” kò sí ọ̀rọ̀ Yàgbà kan níbẹ̀. Tí wọ́n bá ń bú wa, Yàgbà nìkan ni. Mo dàgbà pẹ̀lú èrò pé Ọlọ́run ò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń bú mi.

Ìdajì tí mi ò gbà: ẹ ní ká dá ìwé dúró, kí la máa kà? Ọ̀rọ̀ tiwa, àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀ ò pọ̀, àwọn tó bá sì dán an wò, àwa náà là ń lé wọn sá. Ọmọ kan kọ ìtàn kúkúrú ní èdè Owé, ó fi sí WhatsApp ìlú, ìtàn náà dùn, ẹni mẹ́ta ló jà lórí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan lórí ìtàn, ọmọ náà ò kọ òmíràn mọ́. Owé, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ̀rọ̀, Okun ni gbogbo wa, tí a bá ní ká dúró dìgbà tí gbogbo wa á kọ ọ́ bákan náà, gbogbo wa á ti wà nínú prógíráàmù.

Ohun tí èmi ń ṣe nílé: ọmọ á ka ìwé Yorùbá sókè fún ìyá mi. Tó bá dé ọ̀rọ̀ kan, màmá á ní “àwa kì í pè é bẹ́ẹ̀,” ọmọ á fi pẹ́ńsù kọ tiwa sí ẹ̀gbẹ́. Ìwé yẹn ti dọ̀tí. Mi ò lè tà á láéláé.

* * *

Ìṣèlú wàyí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi orúkọ sẹnétọ̀ ránṣẹ́ sí mi mọ́. Mo bi yín ní ohun tí a lè kà, ẹ ń fi póstà ránṣẹ́.

Gbogbo yín lẹ ń pariwo Okun State. Ó dáa. Ẹni mélòó ló ti ka Section 8 nínú constitution 1999? Kò tó ojú ewé méjì, ọ̀fẹ́ ni, èmi á tẹ̀ ẹ́ fún yín. Ohun tó sọ nìyí ní ẹnu tèmi: àwọn tó ń ṣojú àdúgbò náà ní Sẹ́nétì, ní House of Reps, ní House of Assembly ìpínlẹ̀ àti ní káńsù, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìbéèrè náà. Ìyẹn ò ì ṣe nǹkan kan. Ẹ ó wá dìbò nílé, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ará àdúgbò gbọ́dọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ìpínlẹ̀ tó pọ̀ jù ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn nínú ilé aṣòfin wọn. Ó tún padà sí Abuja, ìdá méjì nínú mẹ́ta ní ilé méjèèjì. Ẹ wá ka ìtàn sí i: láti ìgbà tí a ti gba òmìnira, Mid-West ní 1963 nìkan ni ẹkùn tí ìjọba alágbádá dá sílẹ̀ pẹ̀lú ìdìbò ará ìlú, gbogbo ìyókù ológun ni. Kogi tí a wà nínú ẹ̀ yìí, Babangida ló dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Ògọ́sìtì 1991, a sùn ní Kwara a jí ní Kogi.

Ẹnì kan ní mò ń da omi tútù sí wọn lọ́kàn. Rárá o. Mò ń sọ pé ẹni tó bá gbé ìwé ìbuwọ́lùwé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n ṣe 2,000 kọ́pì, kó mọ ẹni tí ìwé náà ń lọ bá. Mo gba owó ẹ̀ ṣá.

Ẹ so ìròyìn ìgbìmọ̀ Willink ti 1958 mọ́ ọn. Àwọn òyìnbó yẹn káàkiri bi àwọn tó kéré níye ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, ọ̀rọ̀ Yorùbá Ìlọrin àti Kàbà tó fẹ́ lọ bá Western Region wà nínú ẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì fi wa sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti bá wa. Tẹ́ ẹ bá kà á, ẹ ó rí i pé àríyànjiyàn tí ẹ ń jà lórí fóònù, àwọn bàbá yín ti jà á níwájú àwọn òyìnbó.

* * *

Iṣẹ́ ọnà, kíá, torí gáàsì ń tán nínú jẹnẹrétọ̀.

Ọmọbìnrin kan ní iṣẹ́ ọnà kì í ṣe ohun kíkà, ohun wíwò ni. Òótọ́ lo sọ, àbúrò. Gbé ọkọ̀ lọ sí Ògìdì. Nike Okundaye tí ayé ń gbé gẹ̀gẹ̀, tó ní gálárì ńlá l'Ékòó, Ògìdì ni wọ́n ti bí i ní 1951, ilé ló ti kọ́ aṣọ híhun kó tó lọ sí Òṣogbo, ó sì ní ibi iṣẹ́ ọnà ní Ògìdì náà. Láti Kàbà síbẹ̀, ẹ ò ní ti sùn nínú ọkọ̀ tẹ́ ẹ máa fi dé. Máa wo òfì, máa wo àpáta. Má ka nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn.

* * *

Ẹni mẹ́sàn-án ti bi mí báyìí pé ṣé mo lè bá wọn fọ́tòkọ́pì odindi ìwé Renne, kí n báìńdì ẹ̀. Rárá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí, kí ẹ yé pè mí ní aláìmoore.

Mo ti ṣe é rí. Iléèwé kan gbé ìwé ìtàn ìlú kan wá, ìwé kékeré, bàbá àgbàlagbà kan ló fi owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kí n ṣe 40. Mo ṣe é, mo fi rọ́bà báìńdì ẹ̀, ó dùn ún wò ju ojúlówó lọ. Ó kù bíi mẹ́ta tí wọn ò tíì wá kó lórí tábìlì, ni bàbá kan wọlé pẹ̀lú páálí lórí ọ̀kadà. Wọ́n kí mi dáadáa. Wọ́n ní àwọn kọ ìwé kan, kò tà, ṣé mo lè bá àwọn gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù, kí n yọ tèmi lára owó ẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ojú wọn já lu tábìlì.

Wọn ò pariwo. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n jókòó, wọ́n ń ṣí i ní ewé-ewé. Ó pẹ́. Èmi dúró bí ọmọ tó jí ẹran. Wọ́n ní, “O fo ojú ewé 31.”

Ẹ̀rọ ló fa ìwé méjì pọ̀, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ewé 31 yẹn, orúkọ àwọn tó kú sógun Núpé ni wọ́n tò síbẹ̀, àwọn tí wọ́n rántí orúkọ wọn. Ogójì kọ́pì, kò sí ojú ewé 31 nínú ọ̀kankan. Mo lọ bá iléèwé náà pé kí wọ́n gbé e wá kí n fi sí i, wọ́n ní àwọn ọmọ ti ń lò ó, pé kò ṣe nǹkan.

Torí náà, ojú ewé díẹ̀ tẹ́ ẹ nílò fún iṣẹ́ iléèwé, mo máa ṣe é. Odindi, rárá. Ẹni tó ní bí mo ṣe ń sọ yìí ni kò ní jẹ́ kí tálákà kàwé, mo gbọ́, ìbéèrè gidi ni, mi ò ní ìdáhùn tó dáa sí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìwé òyìnbó tó wọ́n, láíbìrì lè rà á, ìwé bàbá yìí, àwa la máa rà á tàbí kó jẹrà nínú páálí.

* * *

Tíṣà Kàbà ti padà wá o, pẹ̀lú ẹjọ́ lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ ohun tó kọ:

“Ẹ̀gbọ́n, mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Mo ní kí àwọn ọmọ JSS2 mú prógíráàmù ìsìnkú wá láti ilé, kí wọ́n kọ ohun tí wọn ò sọ nípa olóògbé. Ó dùn títí. Ọmọ kan wá kọ ọ́ pé bàbá àgbà òun kì í ṣe ọmọ ìlú yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, pé àlejò ni bàbá bàbá wọn. Bàbá ọmọ náà dé iléèwé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ẹ̀, wọ́n ní ta ló rán mi níṣẹ́, pé ọ̀rọ̀ oyè wà nílẹ̀.”

Yéè! Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o, àbúrò. Iṣẹ́ ni mo ní kí ẹ béèrè, iṣẹ́ tí màmá ṣe! Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ fọwọ́ kan oyè. Ní Okun níbí, o lè bi arúgbó pé kí ló hun, kí ló gbìn, ta ló kọ́ ọ lórin, á sọ fún ọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bi í ní ilẹ̀ tàbí oyè, lọ́yà lo pè yẹn. Lọ bẹ bàbá náà, mú nǹkan dání lọ, má fi ìwé ránṣẹ́, fẹsẹ̀ ara ẹ rìn. Kí o sì tọ́jú ìwé ọmọ yẹn dáadáa. Ọmọ yẹn mọ ìwé kọ.

Fún ìwọ fúnra ẹ, níwọ̀n bí iná ò ti sí tí ojú sì ti rẹ̀ ẹ́, wíkẹ́ńdì yìí gbé Pius Adesanmi. Ọmọ Ìsánlú ni, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Kánádà, ọkọ̀ òfuurufú Ethiopian Airlines tó já ní oṣù Máàṣì 2019 ló gbé e lọ. You're Not a Country, Africa, 2011 ló jáde, Gẹ̀ẹ́sì ni lóòótọ́, àmọ́ kò gùn, kóńkó-kóńkó ni àròkọ ẹ̀, o lè ka ọ̀kan kí fóònù tó kú. Ó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín tán kó tó gún un. Àwọn ọmọ tí ń bi mí láti ilẹ̀ òkèèrè pé níbo làwọn ti máa bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni. Orí Obayemi yẹn, mú un fún wíkẹ́ńdì tí kò bá sí òkú, tí irú ẹ̀ bá wà.

Ẹni tó ń bèèrè ìwé bàbá yẹn, páálí náà ṣì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ku mọ́kànlá. Ojúlówó ni, ojú ewé 31 wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú 40 tí mo bà jẹ́, kó gbé e wá, mo ti tẹ ojú ewé yẹn lọ́tọ̀, mi ò gba kọ́bọ̀. Aago mẹ́jọ ni mò ń ṣí ní Sátidé, àmọ́ ẹ mú kéèṣì dání, nẹ́tíwọ́kì tí wọ́n fi ń ṣe transfer kì í dáa lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú bá ń náwó òkú.